Àṣẹ Tí Awọ Ń Gbọ́: Sọráyásíìsì àti Àwọn Prótéènì Alákòóso Jíìnì

Awọ ara ẹni tó ní sọráyásíìsì, àìsàn awọ tó máa ń ṣí ìpẹ́, kò dọ̀tí. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ kí n tó sọ ohunkóhun, torí òun ni ọ̀rọ̀ tó dun bàbá mi jù lọ títí wọ́n fi fayé sílẹ̀. Wọ́n máa ń wẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á wẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á tún wẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn líle ni wọ́n fi ń bó ìgúnpá àti orúnkún wọn. Bí wọ́n ṣe ń bó o tó ni ìpẹ́ funfun náà ń pọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó pẹ́ tí Heinrich Koebner, oníṣègùn ará Jámánì, ti ṣàkíyèsí láàárín àwọn ọdún 1870 pé ibi tí nǹkan bá ti ha ẹni tó ní àìsàn yìí lára, ibẹ̀ gan-an ni òmíràn máa ń yọ sí.

Èyí tó wà lórí wọn ló burú jù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan tí onígbàjámọ̀ tó ti ń gẹrun wọn láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré gbé kílípà sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ìka ya irun náà, ó wo awọ orí níbi tí ìpẹ́ ti gorí ara wọn, tí ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín ń yọ lábẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. "Bàbá, ẹ má bínú," ó ní, "àwọn kọ́sítọ́mà mi ló ń wò wá yẹn." Bàbá mi kò bá a jà. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n sanwó irun tí wọn ò bá wọn gẹ̀, wọ́n dé fìlà, a sì jáde. Láti ìgbà náà, màmá mi ló ń bá wọn gẹrun nílé.

Ládùúgbò, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń pè é lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní làpálàpá tó ti pẹ́ lára ni, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n. N kò fẹ́ dá wọn lẹ́bi jù, torí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù fúnra wọn kò fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tẹ̀, àfi ìgbà tí Ferdinand von Hebra ní Vienna là á yà kedere ní 1841. Sọráyásíìsì kì í ran ẹlòmíràn. Ẹ lè bọ ẹni tó ní in lọ́wọ́, ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan, ẹ lè jọ sùn sórí ẹní kan náà. Kò sí kòkòrò kankan nínú ìpẹ́ yẹn tó máa kó bá yín.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí dókítà awọ kan tó mọṣẹ́ rẹ̀ wá sọ orúkọ àìsàn náà fún wa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀, n kò sì tíì dáwọ́ dúró títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ ń kà á ti lọ. Ohun tí mo rí kà ni mo fẹ́ sọ. Mo gbà pé bí àwọn ará àdúgbò wa bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì awọ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí bàbá mi ni wọn kì bá tí sọ.

Sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jù lọ lójú awọ wa ni wọ́n ń pè ní keratinocyte. Ìsàlẹ̀ awọ ni wọ́n ti ń bí i. Bó ṣe ń dàgbà ni yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀, tí yóò máa kún fún prótéènì líle kan tó ń jẹ́ keratin. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé òkè, yóò tú núkílíọ̀sì rẹ̀, yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì tí DNA ń gbé, ká, yóò kú, yóò sì di ara ìpele pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí omi ara wa gbẹ, tí kì í sì í jẹ́ kí ìdọ̀tí ráyè wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ̀ dànù láìjẹ́ pé a mọ̀. Gbogbo rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, máa ń gba nǹkan bí oṣù kan. Nínú sọráyásíìsì, nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5 péré ni. Sẹ́ẹ̀lì kò ráyè gbó kó tó dókè. Bí ẹ bá mú ìpẹ́ kan lára ìgúnpá ẹni tó ní in, tí wọ́n pa á láró tí wọ́n sì fi sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí núkílíọ̀sì tó yẹ kó ti pòórá tó ṣì wà ní ìjókòó nínú sẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Mo máa ń fi àwòrán rẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ dáadáa kí n tó ṣí ojú ìwé kejì.

Kí ló ń lé sẹ́ẹ̀lì yìí léré? Ìbéèrè tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé ṣé jíìnì bàbá mi, ìyẹn ìtọ́ni tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ló bàjẹ́. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí, kò sí jíìnì kan tó bàjẹ́ tí a lè nàka sí. Òótọ́ ni pé ó máa ń rìn nínú ẹbí, wọ́n sì ti rí i pé àwọn tó jogún irú jíìnì HLA-C kan tó ń jẹ́ HLA-C*06:02, lórí krómósóòmù kẹfà, súnmọ́ ọn ju àwọn tí kò ní in lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: ìgúnpá bàbá mi tó kún fún ìpẹ́ àti ọwọ́ ìsàlẹ̀ wọn tó ń dán, DNA kan náà, okùn tín-ín-rín tí àwọn jíìnì wà lórí rẹ̀, ló wà nínú méjèèjì. Nǹkan bí 20,000 jíìnì tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe prótéènì ló wà nínú ibí, iye kan náà ló wà lọ́hùn-ún. Èyí tó jí àti èyí tó sùn nínú wọn ni ìyàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìgbéyàwó ṣe àpèjúwe. Gbogbo ẹbí ló wà nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n alága ìdúró àti alága ìjókòó ló ń sọ ẹni tí yóò dìde, ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀, ẹni tí yóò gbórin, àti ìgbà tí kálukú yóò padà jókòó. Bí alága kò bá jẹ́ kí àwọn tó ń jó jókòó, tí ariwo gba gbogbo àdúgbò, ẹbí kọ́ ni ká bá wí. Irú iṣẹ́ alága yìí ni àwọn prótéènì alákòóso jíìnì ń ṣe. Wọ́n ń jókòó sórí DNA, nítòsí ibi tí jíìnì ti bẹ̀rẹ̀ tàbí níbi tó jìnnà díẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n ṣe àdàkọ jíìnì yìí kíákíá, tàbí kí wọ́n fi tọ̀hún sílẹ̀ ná. Nǹkan bí 1,600 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kà lára èèyàn. Òun ló mú kí sẹ́ẹ̀lì ojú àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ síra bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé DNA kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

Èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń jáde jù lọ bí ẹ bá ń kà nípa sọráyásíìsì ni NF-κB. Ranjan Sen àti David Baltimore ló kéde rẹ̀ ní 1986, ní Amẹ́ríkà. Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe èròjà agbógunti àrùn ni wọ́n ti rí i, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ rẹ̀, àfi ìgbà tó yá tó wá hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí sẹ́ẹ̀lì tí kò sí. Nígbà tí ara bá wà ní àlàáfíà, ìta núkílíọ̀sì ló máa ń wà, prótéènì mìíràn tó ń jẹ́ IκB dì í mú kò jẹ́ kó lọ. Bí ìròyìn ewu bá dé ojú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fi àmì sára IκB yìí, sẹ́ẹ̀lì á sì fọ́ ọ túútúú. NF-κB tí ọwọ́ rẹ̀ ti wá sílẹ̀ á wọ núkílíọ̀sì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á bọ́ sórí DNA, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dáa ni. Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀, ẹ nílò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú sọráyásíìsì, ìròyìn ewu náà kì í dẹ́kun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹ̀gún kankan.

Àwọn tó ń mú ìròyìn náà wá ni sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀kan lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń ṣọ́ ara, tí wọ́n kóra jọ sábẹ́ awọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ni IL-17 àti IL-22 pẹ̀lú TNF, àwọn prótéènì kéékèèké tó ń jáde lára sẹ́ẹ̀lì kan lọ kan ilẹ̀kùn òmíràn. Bí IL-17 bá kan keratinocyte lára, NF-κB á wọlé, ṣùgbọ́n kì í dá ṣiṣẹ́. Prótéènì kan wà tó ń jẹ́ IκBζ. Nínú awọ tó dá ṣáṣá, ó ṣọ̀wọ́n. Bí IL-17 bá ti dé, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, òun náà á sì lọ dúró ti NF-κB, wọ́n á jọ ṣí àwọn jíìnì kan tí NF-κB nìkan kì bá tí rí ṣí dáadáa. Ní 2015, àwọn oníṣègùn awọ ní Aarhus, ní Denmark, fi hàn pé òun gan-an ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jíìnì tó máa ń jí nínú àìsàn yìí. Nígbà tí wọ́n lo eku tí kò ní IκBζ rárá, oògùn tí wọ́n máa ń fi pa lára eku láti mú kó ní irú àìsàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn gbé ṣe.

Kí wá ni wọ́n ń ṣí? Ibí yìí ni mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbọ́ mi fi ara balẹ̀ gbọ́. Ní 1991, àwọn onímọ̀ ní Denmark rí prótéènì kan tó pọ̀ gan-an nínú awọ àwọn tó ní sọráyásíìsì, wọ́n sì sọ ọ́ ní psoriasin. Ní 1997, Jürgen Harder àti Jens-Michael Schröder pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kiel, ní Jámánì, kó ìpẹ́ jọ lára àwọn aláìsàn, ìpẹ́ tí ẹnikẹ́ni máa ń gbá dànù, wọ́n yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wá èyí tó ń lẹ̀ mọ́ bakitéríà. Ohun tí wọ́n rí ni prótéènì kékeré kan tó ń pa bakitéríà, tí wọ́n wá ń pè ní beta-defensin 2. Ògidì oògùn apakòkòrò tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe ni. Nígbà tó ṣe, ẹgbẹ́ Kiel yìí kan náà rí i pé psoriasin pàápàá ń pa E. coli, bakitéríà tó ń gbé inú ìfun wa. Àwọn jíìnì tó ń ṣe méjèèjì wà lára àwọn tí NF-κB àti IκBζ ń jí.

Èyí ló fà á tí ibi tí sọráyásíìsì wà, pẹ̀lú bó ṣe máa ń là tó tó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ kó àrùn bí a ti rò pé ó yẹ kó kó. Ìpẹ́ tí màmá mi ń gbá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀, tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá dúdú kí aládùúgbò má bàa rí i, kún fún ohun tí ara ṣe láti fi lé kòkòrò. Ẹni tí wọ́n ní ó dọ̀tí, ara rẹ̀ ń gbógun ti ìdọ̀tí tọ̀sán-tòru, ju tiwa tí a dúró ní ọ̀ọ́kán tí à ń wò ó lọ. Nígbà tí mo ka èyí, bàbá mi ṣì wà láyé. Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o ní àwọn òyìnbó ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ́ sórí ìwé.

Defensin nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣí, ó dùn mí láti sọ. Àwọn jíìnì mìíràn tí wọ́n ń jí máa ń mú kí keratinocyte fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i wá. Prótéènì ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ CCL20 ń pe sẹ́ẹ̀lì T, òmíràn tó ń jẹ́ IL-8 ń pe irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn. Àwọn tó dé á tún tú IL-17 jáde, keratinocyte á tún gbọ́, á tún pe àwọn mìíràn. IL-22 tirẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn wọlé: ó ń jí STAT3, prótéènì alákòóso tó ń so pọ̀ ní méjì-méjì kó tó wọ núkílíọ̀sì, tó sì ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pín, kó má tíì gbó. Ibí ni eré àsápajúdé yẹn ti wá.

Ọdún 2005 ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Lọ́dún yẹn, Shigetoshi Sano àti John DiGiovanni pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe eku kan tí STAT3 rẹ̀ kì í sùn nínú keratinocyte, awọ eku náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí bíi ti ẹni tó ní sọráyásíìsì. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ Erwin Wagner ní Vienna yọ alákòóso méjì, JunB àti c-Jun, kúrò nínú awọ eku tó ti dàgbà. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí awọ àwọn eku náà fi nípọn tó ń ṣí ìpẹ́, oríkèé wọn sì wú, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wú lára àwọn kan tó ní àìsàn yìí. Ìyẹn ni pé ẹ lè débẹ̀ láti ọ̀nà méjì: kí ẹ jí alákòóso kan jù, tàbí kí ẹ mú àwọn tó ń dẹ ẹsẹ̀ nǹkan kúrò.

Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni ti ibi tí àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní inú ẹ̀jẹ̀ ni, torí láti 1979 ni wọ́n ti rí i pé cyclosporine, oògùn tó ń dẹwọ́ sẹ́ẹ̀lì T, máa ń mú kí awọ mọ́. Àwọn kan ní rárá, awọ fúnra rẹ̀ ló ń dá a sílẹ̀, wọ́n sì fi eku Vienna gbè é lẹ́sẹ̀. Lójú tèmi, ìwádìí Sano ti dáhùn fún àwọn méjèèjì, torí ó fi hàn pé STAT3 tó jí nínú awọ nílò sẹ́ẹ̀lì T kí àìsàn náà tó hàn tán. Ní 2012, ẹgbẹ́ Anne Bowcock ní Amẹ́ríkà fi òmíràn kún un: nínú àwọn ẹbí kan tí àìsàn náà pọ̀ sí, ìyípadà kékeré kan ṣoṣo nínú jíìnì tó ń jẹ́ CARD14 ló ń jẹ́ kí NF-κB máa jí nínú keratinocyte láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí i. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, awọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó kù, ọ̀fun dídùn tí bakitéríà streptococcus fà, tàbí ìdààmú ọkàn, tàbí oògùn kan ló máa ń tanná ràn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in, ẹ rí i pé dókítà mọ̀ kẹ́ ẹ tó lo chloroquine, torí wọ́n ti rí i pé ó lè jí i lára àwọn kan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé àwọn oògùn tí wọ́n ti ń lò kí ẹnikẹ́ni tó mọ NF-κB, àwọn alákòóso jíìnì yìí náà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mú ọ̀dà èédú. Ní 1925, William Goeckerman ní Mayo Clinic, ní Amẹ́ríkà, gbé ìtọ́jú kan jáde níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀dà yìí para tí wọ́n á sì tan iná ultraviolet sí i. Ó ń rùn, ó ń ba aṣọ jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó fi hàn pé èròjà inú rẹ̀ ń jí alákòóso kan tó ń jẹ́ AhR, tó ń ran keratinocyte lọ́wọ́ láti gbó bó ṣe yẹ. Ní oṣù karùn-ún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìpara tuntun kan, tapinarof, tó ń lọ bá AhR yìí tààrà. Ara bakitéríà kan tó ń bá aràn inú ilẹ̀ gbé ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èròjà náà.

Fítámìn D náà ní ìtàn. Ní 1985, Morimoto àti Kumahara ní Japan ń tọ́jú aláìsàn kan tí eegun rẹ̀ ti ń di ẹlẹgẹ́. Irú fítámìn D kan ni wọ́n fún un nítorí eegun. Sọráyásíìsì tó wà lára rẹ̀ ló wá mọ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí calcipotriol, ìpara tó wà lára ohun tí wọ́n kọ fún bàbá mi níkẹyìn. Ẹni tó ń gba fítámìn D wọlé nínú sẹ́ẹ̀lì, prótéènì alákòóso jíìnì lòun náà. Bí fítámìn náà bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, yóò lọ jókòó sórí DNA, yóò sì sọ fún keratinocyte pé kó dẹ ẹsẹ̀, kó gbó.

Àwọn ìpara sitẹ́rọ́ìdì ni ọ̀rọ̀ wọn le jù láàárín wa. Ẹni tó ń gbà wọ́n wọlé nínú sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ alákòóso, tó ń lọ dí NF-κB lọ́wọ́ lórí DNA níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kíákíá. Lọ́wọ́ dókítà tó mọ ìwọ̀n, oògùn tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n clobetasol yìí kan náà, tó wà lára èyí tó lágbára jù nínú wọn, ni àwọn èèyàn ń pò mọ́ ìpara ìbóra tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà wa. Bàbá mi ra irú ìpara àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á nítòsí wa, kí a tó mọ orúkọ àìsàn wọn. Ìpẹ́ náà lọ lóòótọ́. Awọ ibẹ̀ wá fẹ́lẹ́ débi pé ẹ lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀, ìlà sì là sí itan wọn. Nígbà tí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó padà wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí alákòóso tí wọ́n fi agbára tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti dìde, ẹni tó ń fa ìròyìn ewu kò sì tíì kúrò nídìí rẹ̀. Inú ń bí mi títí di òní pé kò sí ohun tí wọ́n kọ sára ike ìpara náà ju àwòrán obìnrin pupa kan lọ.

Àwọn abẹ́rẹ́ ìgbàlódé, bíi secukinumab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2015, ń mú IL-17 fúnra rẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì. Àwọn mìíràn ń dènà IL-23, prótéènì ìránṣẹ́ mìíràn tó ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì T náà. Wọ́n ti mú awọ ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ pátá. Owó wọn ga ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé níbí lọ, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò ìṣúná ìlera gbọ́.

A kì í rí sọráyásíìsì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó bí wọ́n ṣe ń rí i ní Yúróòpù, ìyẹn náà sì wà lára ohun tó ń pa wá lára, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera kò rí i tó láti dá a mọ̀. Àwòrán inú ìwé sábà máa ń jẹ́ ti awọ funfun tó pọ́n rokoṣo. Lára tiwa, ó lè rí bí eérú, ó lè ṣú dúdú, ó lè ní àwọ̀ elése àlùkò. Bí ó bá sì lọ, ojú ibẹ̀ lè ṣú fún oṣù púpọ̀, tí ẹni tó ní in á rò pé kò tíì san.

Ó kù ohun kan, òun ló sì máa ń gbà mí lọ́kàn jù lálẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ ojú kan náà ló máa ń padà sí? Lára ìdáhùn ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì T kan kì í kúrò níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ibẹ̀ bá ti mọ́. Ṣùgbọ́n ní 2017, Shruti Naik àti Elaine Fuchs ní Rockefeller University, New York, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi hàn lára eku pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ awọ, èyí tó ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tuntun, fúnra rẹ̀ ń rántí. DNA kì í wà ní gbalasa, wọ́n máa ń ká a mọ́ra ni. Nígbà tí awọ bá wú tó sì gbóná, àwọn ibi kan lórí rẹ̀ á ṣí sílẹ̀. Bí ara bá wá balẹ̀, tí awọ padà dán, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi wọ̀nyẹn kì í padé mọ́. Lọ́jọ́ tí nǹkan mìíràn bá kàn án, kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè mọ́. Ní 2021, wọ́n ṣàlàyé àwọn tó ń ṣe é: STAT3 àti alákòóso mìíràn tó ń jẹ́ FOS ni wọ́n jọ ń ṣí ibẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àwọn alákòóso mìíràn, tí JUN wà lára wọn, á dúró síbẹ̀ kó má bàa padé, FOS á sì padà wá nígbà tí nǹkan bá tún ṣẹlẹ̀. Lára eku tó fara gbọgbẹ́, ìrántí yìí wúlò, torí ó ń mú kí egbò kejì tètè jinná. Lára ẹni tó ní sọráyásíìsì, ó jọ pé ìrántí yìí ló ń fún àìsàn náà ní ibi tí yóò máa padà sí.

Àbúrò mi ọkùnrin ní in báyìí. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ìgúnpá kan. Kò jẹ́ kó pẹ́ rárá kó tó lọ rí dókítà awọ, torí ó rí ohun tójú bàbá wa rí. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kàwé yìí, ṣé ọ̀nà wà tí kò fi ní í rántí mi?" Mo sọ fún un pé ìyẹn gan-an ni wọ́n ń lépa lọ́wọ́ báyìí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì àti Faransé pẹ̀lú guselkumab, abẹ́rẹ́ tó ń dènà IL-23, àwọn tí àìsàn náà kò tíì ju ọdún méjì lọ lára wọn ni awọ wọn mọ́ pátá tó sì mọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ jù, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tó ti pẹ́ lára wọn. Bóyá bíbẹ̀rẹ̀ ní kíákíá ń dá ìrántí náà dúró kó tó ta gbòǹgbò ni, ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò nìyẹn. Ó bi mí pé eélòó ni. Mo sọ fún un. Ó mí kanlẹ̀, ó ní calcipotriol òun ṣì ń ṣiṣẹ́ ná, ṣùgbọ́n kí n fi orúkọ abẹ́rẹ́ náà ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp, kóun lè bi dókítà òun léèrè bóun bá padà lọ.